Bí a ṣe ń ṣe ìdè bẹ́líìtì sára àkọ̀ awọ

"Àkọ̀ tí mo rán dára, ọ̀bẹ sì wọ inú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Àmọ́ tí mo bá fi bẹ́líìtì gbé e, ó ń yí kiri. Tí mo bá fa ọ̀bẹ yọ, àkọ̀ á tẹ̀ lé e wá sókè. Kí ni kí n ṣe?"

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù lọ, àtọmọ iṣẹ́ aránbàtà ní Àkúrẹ́, àtàgbẹ̀ kòkó lápá Oǹdó àti Ìdànrè tó ń rán àkọ̀ ara rẹ̀ nílé. Ohun tó ń fà á, lọ́pọ̀ ìgbà, ni pé ìdè, ìyẹn ojú awọ tí bẹ́líìtì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ni wọ́n ṣe gbẹ̀yìn. Wọ́n á gé àkọ̀, wọ́n á rán an pa, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kó irinṣẹ́ nílẹ̀ ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ ríbi gbà. Ìdè ló yẹ kó ṣáájú. Bẹ́líìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, ìdè ni kí ẹ kọ́kọ́ rán mọ́ ẹ̀yìn àkọ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó pa ẹnu iṣẹ́ dé.

Àkọ̀ ọ̀bẹ oko, àkọ̀ ọ̀bẹ ẹlẹ́mu, àpò páláyà àwọn oníṣẹ́ iná àti àkọ̀ àdá ni mo ní lọ́kàn. Mm tí ẹ máa rí lẹ́yìn nọ́ńbà ni mílímítà, àwọn ìlà kéékèèké tó wà lórí rílà.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- awọ tó nípọn tó 3 mm
- bẹ́líìtì tí ẹni náà máa lò gan-an, kì í ṣe òmíràn tó jọ ọ́
- páálí, rílà, bírò
- ọ̀bẹ aránbàtà tàbí bíléèdì tuntun
- òlu, irin ẹnu ṣóńṣó tí aránbàtà fi ń lu awọ
- fọ́ọ̀kì oúnjẹ, láti fi sàmì ojú ihò
- abẹ́rẹ́ méjì tí ẹnu wọn kò mú, àti òwú náílọ́ọ̀nù aránbàtà
- ìda oyin
- gọ́ọ̀mù aránbàtà, yanrìn pépà, hámà
- pẹ́ẹ̀gì aṣọ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ

Òwú tí télọ̀ fi ń rán aṣọ kò bá iṣẹ́ yìí mu. Òógùn ìbàdí àti òjò oko á jẹ ẹ́.

## Ẹ yan awọ kí ẹ tó yan àrà

Oríṣi awọ méjì ló pọ̀ lọ́jà. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n fi omi èèpo igi tàbí èso igi sọ di awọ, irú èyí tí àwọn ará Òkè Ọya fi èso bàgàrúwà ṣe. Èkejì ni èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà kúróòmù ṣe. Awọ onígi ni kí ẹ wá fún ìdè. Ó le, ó ń gba àpẹẹrẹ tí ẹ bá rẹ ẹ́ tí ẹ sì ṣẹ́ ẹ po, tó bá sì ti gbẹ, bẹ́ẹ̀ náà ló máa wà. Awọ kúróòmù rọ̀, ó dára fún báàgì obìnrin àti òkè bàtà, àmọ́ ó ń nà. Ìdè tó bá ń nà á tú bẹ́líìtì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àkọ̀ á fi máa fì.

Ẹ ò lè fi àwọ̀ òkè rẹ̀ dá wọn mọ̀, nítorí wọ́n lè pa méjèèjì láró kan náà. Ẹ gé etí rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wo inú. Tó bá pọ́n bí igi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó jọ awọ onígi. Tí àárín rẹ̀ bá ní àwọ̀ búlúù tó ṣá, awọ kúróòmù ni.

Lápá ọ̀dọ̀ wa, ìkòkò ọbẹ̀ ni awọ màlúù tó yẹ kó di bẹ́líìtì ń lọ, a ti sọ ọ́ di pọ̀nmọ́. Ìdí nìyẹn tí awọ tó nípọn fi ń ti Kánò wá, tí owó rẹ̀ sì ń le. Ẹ má torí ẹ̀ ra ohun tó fẹ́lẹ́. Àjákù awọ tó nípọn, èyí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n ti gé ìtẹ̀lẹ̀ bàtà, tó fún ìdè kan, owó rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Ẹ bá àwọn tó ń ta ohun èlò bàtà sọ̀rọ̀, kí ẹ ṣa èyí tó bá dáa.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò kà sí: ibi tí awọ ti wá lára màlúù. Awọ ẹ̀yìn, tó tẹ̀ lé ọ̀pá ẹ̀yìn, kì í fi bẹ́ẹ̀ nà. Ti abẹ́ ikùn ń nà gan-an. Ẹ gé ìdè kí gígùn rẹ̀ lọ pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ àjákù ni ẹ rà, tí ẹ ò mọ ibi tó ti wá, ẹ di etí rẹ̀ méjèèjì mú kí ẹ fà á. Ẹ yí i, kí ẹ tún fà á. Apá tí kò bá nà ni gígùn ìdè gbọ́dọ̀ gbà.

Tí awọ tó nípọn bá wọ́n: ẹ lẹ awọ 1.5 mm méjì pọ̀, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, kí ẹ sì rán etí rẹ̀ yí ká. Bẹ́líìtì àtijọ́ náà lè di ìdè, bó bá ṣe pé awọ gidi ni. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà ní bẹ́líìtì jẹ́ ìyẹ̀fun awọ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, tí wọ́n da ike bò. Ẹ gé bíńtín níbẹ̀, kí ẹ fi iná kàn án níta: awọ gidi á rùn bí irun tó jóná, ike á yọ́, á sì máa kán.

## Wíwọ̀n

Ìbú bẹ́líìtì kò dọ́gba. Ti ṣòkòtò ọ́fíìsì sábà máa ń wà láàárín 30 sí 35 mm, ti jíǹsì jẹ́ nǹkan bí 38 sí 40 mm, ti iṣẹ́ lè tó 50 mm. Nítorí náà, ẹ bi oníbàárà pé kó mú bẹ́líìtì rẹ̀ wá. Tí kò bá mú un wá, ẹ má bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ wọn ìbú bẹ́líìtì. Ká ní 38 mm ni.
2. Ẹ wọn ìnípọn rẹ̀. Ká ní 4 mm ni.
3. Ẹ ro méjèèjì pọ̀: 42 mm. Èyí ni gíga ojú tí bẹ́líìtì máa gbà. Ó yẹ kó wọlé pẹ̀lú títì díẹ̀, kó má sì máa fò sókè sódò níbẹ̀.
4. Fún ìdè àṣẹ́po, gígùn awọ ni ìlọ́po méjì 42, ìyẹn 84. Ẹ fi 10 kún un fún ibi tó ti ṣẹ́ po. Ẹ fi 35 kún un lẹ́ẹ̀mejì fún ibi ìránmọ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 164 mm. Ẹ gé e ní 175, kí ẹ lè gé etí rẹ̀ dọ́gba tó bá yá.
5. Ìbú ìdè: 40 mm tó fún ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ kò gùn ju 15 sẹ̀ǹtímítà lọ. Fún ohun tó wúwo jù bẹ́ẹ̀, ẹ lo 50 mm.

Tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìdè tó ń jẹ́ kí àkọ̀ yí. Ẹni tó fi awọ 20 mm gbé ọ̀bẹ oko á máa fọwọ́ tún un ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú.

## Irú ìdè wo ló bá iṣẹ́ yín mu?

Ìdè àṣẹ́po. Awọ kan ni, a ṣẹ́ ẹ sí méjì, a fi orí rẹ̀ méjèèjì lé ara wọn, a sì rán wọn mọ́ ẹ̀yìn àkọ̀. Òun ni mo kọ́kọ́ fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, òun náà ni mo ń lò jù. Ó lágbára, aṣìṣe rẹ̀ rọrùn láti tún ṣe. Ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí dá lé e lórí.

Ìdè afárá. Awọ kan ṣoṣo, a rán orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àkọ̀, bẹ́líìtì gba abẹ́ rẹ̀. Ó ń mú kí àkọ̀ fara mọ́ ìbàdí. Gígùn rẹ̀ fún bẹ́líìtì òkè yìí: 42, pẹ̀lú ìlọ́po méjì ìnípọn bẹ́líìtì, ìyẹn 8, pẹ̀lú 25 lókè àti 25 nísàlẹ̀. 100 mm ni. Tí ẹ bá gbàgbé 8 yẹn, awọ á lẹ̀ pẹ̀tẹ́, bẹ́líìtì ò ní ráyè wọlé.

Ojú méjì tí a là. A ò lẹ nǹkan kan mọ́ ọn, a kàn la ojú méjì sára ẹ̀yìn àkọ̀ fúnra rẹ̀. Ó dára fún àpò páláyà àti àpò fóònù, kò sì dáa fún ohun tó wúwo. Gígùn ojú kọ̀ọ̀kan ni ìbú bẹ́líìtì pẹ̀lú 3 mm. Ẹ kọ́kọ́ lu ihò roboto 5 mm sí òkè àti ìsàlẹ̀ ojú náà kí ẹ tó là á. Láìsí ihò yẹn, ibi tí bíléèdì dúró sí ni yíya á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ó kéré tán 15 mm sílẹ̀ láàárín ojú àti etí awọ.

Ìdè oníbọ́tìnì. Bọ́tìnì irin tí a ń tẹ̀ pa, irú ti ara jákẹ́ẹ̀tì, ló pa á dé, kí èèyàn lè bọ́ àkọ̀ láìtú bẹ́líìtì. Ó wúlò fún ẹni tó ń ti oko gba ọjà lọ tí kò fẹ́ gbé ọ̀bẹ wọ àárín èrò. Bọ́tìnì kan kò tó, ẹ lo méjì. Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi gbé àdá.

## Ìgbésẹ̀ ìdè àṣẹ́po

1. Ẹ gé e nínú páálí ná. Ẹ ṣẹ́ páálí po, ẹ fi bẹ́líìtì gba inú rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí mìíràn tó rí bí àkọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ín dè é mọ́dìí, kó dúró, kó jókòó, kó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣa kòkó nílẹ̀. Tí èkù ọ̀bẹ bá gún un níhà, ẹ mú ìdè lọ sókè lára àkọ̀ kí àkọ̀ lè wálẹ̀. Tí ìdí àkọ̀ bá ń lu itan rẹ̀, ẹ mú un wálẹ̀ kí àkọ̀ lè gòkè. Páálí ò wọ́n. Ibí ni kí ẹ ti ṣe gbogbo àtúnṣe.

2. Ẹ gé awọ. Ẹ gbé rílà irin lé e, kí ẹ fa ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta díẹ̀díẹ̀ dípò kí ẹ fi agbára gé e lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ tó di awọ mú kò gbọ́dọ̀ wà níwájú ẹnu ọ̀bẹ. Ẹ gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ kó ṣe roboto, igun ṣóńṣó ló máa ń kọ́kọ́ ṣí.

3. Ẹ fá ẹ̀yìn orí méjèèjì. Láti etí wọnú nǹkan bí 15 mm, ẹ fá a kó máa fẹ́lẹ́ lọ títí dé 2 mm. Ẹ má fá àárín, ibi tí bẹ́líìtì máa gbà. Ibẹ̀ ló gbé gbogbo ẹrù.

4. Ẹ rẹ ẹ́, kí ẹ ṣẹ́ ẹ po. Omi lásán tàbí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Omi gbígbóná á mú awọ sún kì, á sì le gbagidi. Tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ṣú kárí, ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé bẹ́líìtì kí omi má bà á jẹ́, ẹ ṣẹ́ awọ yí i ká, ẹ fi pẹ́ẹ̀gì há a. Ẹ fi páálí sí abẹ́ pẹ́ẹ̀gì kó má fi ojú sílẹ̀ lára awọ. Ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn wà, nínú ibòji, di ọjọ́ kejì. Nígbà òjò, ó lè gbà tó ọjọ́ méjì. Ẹ má yá a lóòrùn, ẹ má gbé e sẹ́bàá ààrò. Awọ onígi tí ẹ bá ṣẹ́ ní gbígbẹ á sán lójú.

5. Ẹ sàmì sí ẹ̀yìn àkọ̀. Àkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣì wà ní ṣíṣí, ẹ ò tíì rán etí rẹ̀ pọ̀. Ẹ gbé ọ̀bẹ lé e bó ṣe máa wà nínú rẹ̀, kí ẹ fa ìlà láti àárín èkù sọ̀kalẹ̀. Orí ìlà yẹn ni àárín ìdè máa bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ń lo àárín awọ àkọ̀, àmọ́ apá kan àkọ̀ máa ń fẹ̀ ju èkejì nítorí ibi ìránpọ̀, ọ̀bẹ kì í sì í wà láàárín rẹ̀.

6. Ẹ lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù kì í mú ojú awọ tó ń dán, nítorí náà ẹ fi yanrìn pépà ha á níbi tí ìdè máa jókòó. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sí ojú méjèèjì, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10 sí 15 títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹ fi hámà lù ú jẹ́jẹ́. Ẹ ṣí fèrèsé. Òórùn gọ́ọ̀mù yìí ń pani lórí, iná sì ń ràn mọ́ ọn kíá, ẹ má ṣe ṣá láítà nítòsí rẹ̀.

7. Ẹ lu ihò. Ẹ fa ìlà onígun mẹ́rin ní 4 mm sí etí ibi ìránmọ́. Ẹ tẹ fọ́ọ̀kì mọ́ ọn, tí ẹ bá fẹ́ tún un tẹ̀, ẹ fi eyín rẹ̀ àkọ́kọ́ sínú ojú tó ṣe gbẹ̀yìn kí àyè wọn lè dọ́gba. Àyè 4 sí 5 mm láàárín ihò dára. Tó bá súnmọ́ra jù bẹ́ẹ̀, awọ á ya lórí ìlà ihò náà, òwú tó le jù lọ kò ní gbà á là. Awọ mẹ́ta ló wà lórí ara wọn níbí, ẹ di òlu mú kó dúró ṣánṣán. Tó bá dagun, ihò ẹ̀yìn ò ní wà lórí ìlà. Ẹni tó bá ní dírílì lè fi irin 1.5 mm lù ú.

8. Ẹ rán an pẹ̀lú abẹ́rẹ́ méjì. Ẹ gé òwú ní ìlọ́po mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gígùn ibi tí ẹ fẹ́ rán, ẹ fà á gba orí ìda oyin, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ kan sí orí kọ̀ọ̀kan. Ẹ ki abẹ́rẹ́ kan sínú ihò àkọ́kọ́ títí òwú á fi dọ́gba lápá méjèèjì. Láti ibẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ méjèèjì ló ń gba inú ihò kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti iwájú, ọ̀kan láti ẹ̀yìn. Ẹ ṣọ́ra kí abẹ́rẹ́ kejì má gún òwú ti àkọ́kọ́. Ẹ fa méjèèjì le bákan náà ní gbogbo ìgbà. Tí ẹ bá rán yí ká tán, ẹ rán padà sórí ihò mẹ́ta, ẹ gé òwú, ẹ fi láítà yọ́ orí rẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ tán. Àǹfààní rírán báyìí ni pé bí òwú iwájú bá já, ti ẹ̀yìn ṣì di ìdè mú. Ti ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀, ibi tó bá ti já lá ti máa tú.

9. Ẹ tó wá pa àkọ̀ dé. Ẹ fi ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín etí méjèèjì níbi tí ojú ọ̀bẹ máa kọjú sí, kó má baà gé òwú, kí ẹ wá rán gbogbo rẹ̀ pọ̀.

## Aṣìṣe tí mò ń rí jù lọ

*Ìdè tí wọ́n rán lẹ́yìn tí àkọ̀ ti pa dé.* Ọwọ́ ò lè wọnú rẹ̀ mọ́, wọ́n á wá fi gọ́ọ̀mù nìkan lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù ń di awọ mú kí ẹ lè ráyè rán an ni, kò lè gbé ọ̀bẹ. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ tú etí àkọ̀ díẹ̀, kí ẹ rán ìdè, kí ẹ tún un pa.

*Ríbẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo.* Ríbẹ́ẹ̀tì ni ìṣó kékeré tí a ń lù pa ní orí méjèèjì láti di awọ pọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀kan, àkọ̀ á máa yí lórí rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ lo ríbẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán méjì, kí ẹ sì lẹ awọ fẹ́lẹ́ bo orí wọn nínú àkọ̀ kó má ba ojú ọ̀bẹ jẹ́. Bàbà tàbí idẹ ni kí ẹ lò. Irin lásán, bí omi bá kàn án, á fi àbàwọ́n dúdú sára awọ onígi, kò sì ṣeé fọ̀.

*Epo púpọ̀.* Àwọn kan á rẹ ìdè sínú òróró kó lè "lágbára". Ó ń rọ̀ ni, ohun tó bá sì rọ̀ á nà.

*Ìdè tó fẹ̀ jù fún bẹ́líìtì.* Ẹ ò ní láti jù ú nù. Ẹ rán ìlà kan sí i lókè ibi ìránmọ́ láti dín ojú rẹ̀ kù.

## Fún ọlọ́kadà, ẹlẹ́mu àti ọlọ́wọ́ òsì

Ẹni tó ń gun ọ̀kadà lọ oko kò lè lo ìdè kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Tó bá jókòó, ìdí àkọ̀ á kan àga, á sì ti ọ̀bẹ jáde. Ohun méjì ló wà. Ẹ lè rán ìdè kó dagun díẹ̀, nǹkan bí 15 dígíríì, kí èkù kọ iwájú, kí ìdí àkọ̀ sì kọ ẹ̀yìn. Tàbí kí ẹ fi òrùka irin tó rí bí lẹ́tà D sáàárín: ìdè kékeré so òrùka mọ́ àkọ̀, ìdè ńlá so òrùka mọ́ bẹ́líìtì, àkọ̀ á lè fì kúrò lọ́nà tí èèyàn bá jókòó. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń lu ẹsẹ̀ tí èèyàn bá ń sáré.

Ẹlẹ́mu tó fi igbà gun ọ̀pẹ ń fara tì sẹ́yìn lókè, ohun tó wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ sì lè jẹ́ èèyàn. Ìdè àṣẹ́po fífẹ̀ ni tirẹ̀, kì í ṣe olórùka, pẹ̀lú ọ̀já kékeré oníbọ́tìnì tó kọjá lórí èkù. Ọ̀já yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ẹ má yọ ọ́ nítorí pé oníbàárà ní kí owó dín kù.

Fún ọlọ́wọ́ òsì, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ dojú rẹ̀ kọ òdìkejì: ẹ yí páálí padà kí ẹ tó gé awọ. Yíyí ìdè nìkan kò tó, nítorí etí ìránpọ̀ àkọ̀ náà gbọ́dọ̀ bọ́ sí apá kejì.

## Àkọ̀ àdá

Àdá gùn, iwájú rẹ̀ ló sì wúwo. Ìdè kan tó le gbagidi lókè á máa já nítorí pé gbogbo bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbé ló ń fà á. Ẹ lo ìdè olórùka, awọ 50 mm, kí ẹ sì rán ibi ìránmọ́ rẹ̀ ní ìlà méjì. Ẹ lè fi ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ìsàlẹ̀ àkọ̀ fún sísò mọ́ itan nígbà tí wọ́n bá ń gba inú igbó. Lórí ọ̀kadà, kí wọ́n bọ́ ọ kúrò nídìí, kí wọ́n dè é mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ẹ sọ èyí fún ẹni tó rà á, kí ẹ má rò pé ó mọ̀.

## Kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni

- Ẹ fi bẹ́líìtì gbé e, kí ẹ fa ọ̀bẹ yọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Àkọ̀ ò gbọ́dọ̀ bá a gòkè.
- Ẹ jókòó, ẹ lóṣòó, ẹ gun àtẹ̀gùn.
- Ẹ fi igi tó jọ ọ̀bẹ sínú àkọ̀, ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹ gbọ̀n ọ́n.
- Ẹ so kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tó kún fún omi mọ́ àkọ̀, kí ẹ fi bẹ́líìtì gbé e kọ́ di ọjọ́ kejì. Tí ojú ihò bá ti gùn, awọ yẹn kò dáa, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Nígbà òjò, awọ tó bá tutù tí wọ́n sì ká a mọ́ inú àpò á bu, ohun funfun á hù lára rẹ̀. Kí ẹni tó ni ín fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kó gbé e kọ́ síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́, kó sì fi ìda oyin pa á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀bẹ kò gbọ́dọ̀ sùn nínú àkọ̀, ọ̀rinrin inú awọ á mú un dípẹtà. Òwú tó bá ti ń họ ni kí ẹ tètè pààrọ̀: ẹ gé e jẹ́jẹ́, ẹ fà á yọ, kí ẹ tún un rán nínú ihò àtijọ́, láìlu òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.